Ọmọ Tí Kì Í Wọlé Ẹnikẹ́ni

Òórùn ọṣẹ dúdú ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé tá a gbé nígbà èwe mi ní Ìkòtún. Ìyá Ràṣídì, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ló máa ń wẹ gbogbo ọmọ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, torí pé tíṣà ni ìyá mi, wọ́n sì máa ń tètè jáde. Kànìnkànìn kan náà ni wọ́n fi ń gbo gbogbo wa lára, ọmọ mùsùlùmí, ọmọ onígbàgbọ́. Bí ọṣẹ bá ta sí ọ lójú tó o sì ké, ìgbátí lo máa fi lé e.

Kò sí yàrá tí mi ò wọ̀ nílé yẹn. Ibi tí oorun bá ti gbé mi ni mo ń sùn sí. Bí ìyá mi bá dé, wọ́n á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ mi dà o?" Ẹnì kan á dáhùn láti inú yàrá pé mo ti jẹun, mo ti sùn. Wọn ò ní bèèrè ohun tí mo jẹ. "Ojú mẹ́rin ní í bímọ," wọ́n á ní, "igba ojú ní í wò ó." Wọ́n á wá lọ bọ́ bàtà.

Èmi náà ti dìyá ọmọ báyìí, ní Baruwa, ẹ̀rù sì ń bà mí ṣá. Kò sí àárọ̀ tí wọn kì í fi fọ́tò ọmọ tó sọnù ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo wá ń kọ́ Tèmi, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ, bí ẹni ń kọ́ni ní àdúrà: má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, má wọlé ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, òjò dá mi dúró síbi iṣẹ́. Mọ́tò iléèwé já Tèmi sílẹ̀ kí n tó dé, ilẹ̀kùn wa sì wà ní títì. Ẹnu ọ̀nà ni mo bá a, ó rin gbindin, ó ń gbọ̀n. Màmá àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró tì í, wọ́n na agboòrùn lé e lórí, òjò ń pa àwọn fúnra wọn. Ó ti pẹ́ tá a jọ ń lo géètì kan náà. Mi ò mọ orúkọ wọn.

"Mọ́mì Tèmi, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó wọlé," ni wọ́n wí. "Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní o ò gbà kóun wọlé èèyàn."

Tèmi gbójú sókè wò mí, inú rẹ̀ ń dùn. "Mọ́mì, mi ò wọlé wọn o! Mi ò gba bisikíìtì wọn náà."

Màmá yẹn pa agboòrùn dé, wọ́n sì wọlé. Wọn ò dúró gbọ́ ẹ ṣé mi.

Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí Tèmi, mà bá ti jẹ bisikíìtì yẹn tán, mà bá ti sùn fọnfọn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó dùn mí wọra. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n mú un lọ́wọ́, ká jọ lọ kanlẹ̀kùn wọn. Ẹ̀rù ò jẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn tiwa, mo ti ọmọ mi wọlé, mo sì sọ fún un pé, "O káre."