Jíìpù Tí Ṣánṣán Gbé Sókè

Mẹ́káníìkì kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ṣánṣán. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, ìwà rẹ̀ ló fún un. Kò lè rí ohun tó wọ́ kó má tún un ṣe. Tó bá wọ ilé oníilé, tí àwòrán ara ògiri bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní tíì kí onílé tán tí yóò ti dìde lọ nà án dúró. Lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, láti orí sípáná tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, apá kan náà ni gbogbo wọn máa ń kọ orí sí. Ìyàwó rẹ̀ ní kì í ya òun lẹ́nu mọ́ bí òun bá jí tí òun rí i tó ń tún bàtà gbogbo ilé tò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà yìí burú. Ó dára púpọ̀, ì bá wù mí kí àwọn ọmọ ilé ìwé mi ní i. Ṣùgbọ́n ìwà yìí kan náà ló kù díẹ̀ kó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí. Jíìpù àtijọ́ kan ló fi ń lọ bá àwọn aboyún ní àwọn abúlé tó wà lódìkejì odò. Ọ̀nà ibẹ̀ kún fún òkúta àti kòtò, òkúta sì ń ha abẹ́ ọkọ̀ náà ṣáá. Ló bá ní kí àbúrò òun bá òun gbé e sókè. Ṣánṣán yọ àwọn sípíríǹgì àtijọ́, ó fi àwọn tó ga jù wọ́n lọ rọ́pò. Jíìpù ga, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó wà á jáde láti dán an wò, ọkọ̀ ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n sítíárìn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó tú nọ́ọ̀tì àárín sítíárìn, ó fà á yọ, ó yí i títí tó fi gún régé, ó sì dè é padà. Ó fi aṣọ nù ún.

"Ó ti wà dáadáa báyìí," ló wí.

Kò wà dáadáa. Sítíárìn tó wọ́ kì í ṣe àìsàn, àmì àìsàn ni. Irin gígùn kan wà lábẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń di àwọn táyà iwájú mú kí wọ́n má baà sún sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ga, irin náà kò gùn sí i, nítorí náà ó fa táyà méjèèjì sún sí apá kan. Ọ̀pá tó ti ọ̀dọ̀ sítíárìn lọ sí ìdí táyà náà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú tẹ́lẹ̀, ti wá dà gẹ̀rẹ́ bí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri. Bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò, ọ̀pá yìí á tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ojú ni Ṣánṣán tún ṣe, kò débi ìdí rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ibi afárá kan tí kò ní irin ìgbámú. Kòtò kan wà lẹ́nu afárá náà. Bí táyà iwájú ṣe bọ́ sí i, sítíárìn já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, jíìpù sì yà sọ́tùn-ún. Ó fi gbogbo agbára yí i sósì, ṣùgbọ́n sítíárìn dúró pa láìtíì yí dópin, nítorí kì í ṣe ojú àmì rẹ̀ ni Ṣánṣán dè é sí. Ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, táyà kan ń rọ̀ dirodiro lórí omi.

Ó jáde, ó jókòó sórí òkúta. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

Ṣánṣán wá pẹ̀lú okùn àti ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n fa jíìpù kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré yín ló pọ̀," ló kọ́kọ́ sọ.

"Eré? Ìgbín ì bá yà mí sílẹ̀ lónìí!"

"Sítíárìn yìí gún régé. Ọwọ́ mi ni mo fi tún un ṣe."

"Ó dáa. Gùn ún. Wà á gba inú kòtò yẹn, mò ń wò ọ́."

Ó gùn ún, ó padà sẹ́yìn, ó wà á wá. Ní ẹnu kòtò náà, jíìpù fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọ inú igbó lọ. Nígbà tí Ṣánṣán jáde, ewé wà lórí rẹ̀.

"Ta ló ń sáré?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í. "Àwọn aboyún ń retí mi lọ́hùn-ún. Jíìpù yìí nìkan ni mo ní. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, mi ò ní jókòó sórí ohun tí o bá fọwọ́ kàn mọ́, títí kan àga ilé rẹ!"

Wọ́n wọ́ jíìpù dé ilé iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ rẹ̀ ni Ṣánṣán wọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Ṣé o ti sùn ni?"

"Rárá o. Mo rí ohun tí mo ṣe ni. Háà! Ọmọ ìyá mi ni mo gbé ka orí èyí!"

Ó ra apá irin tó tẹ̀ wálẹ̀, èyí tó ń ti ọ̀pá sítíárìn. Ó ní kí wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ gbé ibi tí irin gígùn yẹn so mọ́ wá sísàlẹ̀, títí irin àti ọ̀pá fi bá ara wọn dọ́gba. Kó tó fún àwọn nọ́ọ̀tì pa, ó sọ jíìpù kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì kó lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fa sítíárìn yọ, tó dá a padà sí ojú àmì tó ti wà láti ilẹ̀. Ó tún wọ́ díẹ̀. Ọwọ́ ń yún Ṣánṣán, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀, títí sítíárìn fi gún fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Kò yẹ nǹkan kan wò.

"Wọlé," ló wí.

"Èmi?"

"Ìwọ náà. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí èmi yóò bá jókòó sínú rẹ̀, àjọjókòó ni."

Wọ́n dé ẹnu afárá. Kòtò wà níwájú wọn. Agbẹ̀bí náà ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn, ó kó wọn lé itan.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dì í mú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú!"

"Ṣebí ìwọ lo tún un ṣe?"

Táyà bọ́ sí kòtò, ó jáde. Sítíárìn mì díẹ̀, ó dúró. Jíìpù gba àárín afárá lọ tààrà. Obìnrin náà gbé ọwọ́ padà sórí sítíárìn, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ṣánṣán, bẹ́líìtì àyà rẹ wọ́."

Ó mọ̀. Ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì di iwájú ọkọ̀ mú gírígírí, wọn kò sì gbà láti tú títí ọkọ̀ fi dé abúlé àwọn aboyún.