Ìyá Gàníyù Ni Mo Pè

Ẹ bá mi fìdí kalẹ̀ díẹ̀, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí ti lé ní ogójì ọdún, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ títí di òní olónìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rú mi lójú.

Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ọkọ mi wà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń fojú kan ara wa, ìyẹn bí mo bá ráyè. Ṣé ìgbéyàwó nìyẹn? Mo ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Lẹ́tà náà wà nínú àpò yunifọ́ọ̀mù mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fẹ́ fi fún mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, tí mo bá ṣíwọ́.

Ẹ má rò pé n ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ iye èèyàn tó yẹ kó máa ṣe é kọ́ ló ń ṣe é. Nínú àwa mẹ́rin tó yẹ ká wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, ọ̀kan ti lọ bímọ, wọ́n ti gbé ọ̀kan lọ sílùú mìíràn, ẹnì kẹta ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Èmi nìkan ló kù lójúmọmọ, pẹ̀lú Ìyá Adúkẹ́ tó máa ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù. Aláìsàn méjìdínlọ́gbọ̀n! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí n kò ti ní ọ́ọ̀fù. Bí mo bá sọ fún yín pé mo jókòó jẹun lọ́sẹ̀ náà, irọ́ ni mo pa.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ sáré gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní aláìsàn tuntun kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà, tí wọ́n gbé dé lánàá lẹ́yìn tí mo ti lọ sílé. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é. Dókítà ní kí n gún un ní ínsúlíìnì, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀, kó tó jẹun àárọ̀.

Mo wo káàdì. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Suwébátù. Àmọ́ ẹ gbọ́, ta ló máa dúró lórí ẹni tó tó bí i lọ́mọ, kó máa pè é ní Suwébátù? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo bi nọ́ọ̀sì alẹ́ pé kí ni wọ́n ń pe màmá náà. Ó ní Ìyá Gàníyù ni gbogbo ará ilé wọn ń pè é. Ó parí nìyẹn.

(Ẹ forí jì mí bí mo ṣe ń lo "ó" fún àwọn àgbà yìí, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ yín lójú ni.)

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ náà. Nígbà tí mo dé bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ẹnì kan sùn síbẹ̀, ó fi kíjìpá bo gbogbo ara títí dé orí. Mo pe Ìyá Gàníyù. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Ó wá dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Ẹẹ̀n." Mo ní abẹ́rẹ́ ni mo gbé wá. Apá kan yọ jáde lábẹ́ kíjìpá. Mo gún un, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mo fọwọ́ sí ìwé, mo kọjá. Apá ni apá, kí ni ǹ bá tún wò lára rẹ̀?

Nígbà tó yá, mo ń fọ egbò ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù, màmá kan tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kẹfà pè mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ebi ń pa mí o. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun títí ẹ ó fi gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ ò sì tíì gún mi."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti gún yín ná. Ó ní rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní kí n wá ojú abẹ́rẹ́ níbẹ̀. N ò rí nǹkan kan.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo lọ wo ìwé, ìfọwọ́sí mi rèé. Mo wo inú abọ́, síríńjì tí mo lò rèé. Àbí mo ti fọwọ́ sí i kí n tó gún un ni? Ta wá ni mo gún? Àbí orí mi ló ti ń dàrú? Ó ń ṣe mí bí ẹni ń lálàá. Màmá náà tilẹ̀ káàánú mi. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ ọ́ ni, ọmọ mi. Ṣáà gún mi, kí n lè jẹ ẹ̀kọ mi."

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí mo bá ti gún un tó gbàgbé, tí mo wá tún un gún, ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ débi pé á dákú, kó má sì jí mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé n kò gún un, a jẹ́ pé ẹlòmíì tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá ló gba abẹ́rẹ́ náà, ìyẹn ló wá burú jù. Ṣé kí n gún un ni, àbí kí n má gún un?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, mò ń bi wọ́n pé ta ni mo gún lábẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ẹ kúkú mọ àwọn èèyàn wa àti abẹ́rẹ́. Kàkà kí wọ́n dá mi lóhùn, ńṣe ni wọ́n ń na apá sí mi. Ẹnì kan ní ṣé torí pé òun ò mọ ẹnikẹ́ni ní ọsibítù ni mo ṣe fo òun. Màmá kan tó wá láti Ìwéré-Ilé ní kí n kúkú fún òun ní méjì. Ká ní kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo ti ń yí kiri ni Ìyá Adúkẹ́ ti sáré wọlé. Ó ní obìnrin tó wá tọ́jú Ìyá Gàníyù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí nínú ọyẹ́ yìí, ó sì ń sọ ìsọkúsọ.

Mo sáré jáde. Ìyá Kékeré ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Orogún Ìyá Gàníyù ni. Ìyá Gàníyù ni ìyáálé, òun ni ìyàwó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bi í pé ṣé mo gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ jáde. Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní láti àná, òun ò tíì jẹ nǹkan kan.

Ṣúgà la nílò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà, ṣé ẹ rántí bí ṣúgà ṣe wọ́n? Kóró kan kò sí ní wọ́ọ̀dù. Glúkóòsì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù, mátírọ́ọ̀nù sì ti lọ sípàdé. Mo pariwo pé ta ló ní nǹkan dídùn lọ́wọ́. Màmá ará Ìwéré-Ilé tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ méjì yẹn náà ló fa ìgò oyin yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, oyin tí wọ́n gbé wá fún un láti oko. Mò ń fi ṣíbí bu oyin sí Ìyá Kékeré lẹ́nu, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e mì, mò ń sunkún, Ìyá Adúkẹ́ sì ti sáré lọ pe dókítà.

Kí dókítà tó gbé dírípù kọ́ ọ lápá, ojú Ìyá Kékeré ti ń wálẹ̀. Ó bi mí pé ṣé òun náà ti di aláìsàn ni. Dókítà ní kí wọ́n dán ìtọ̀ ìyáálé wò, òun fúnra rẹ̀ ló sì gún un lábẹ́rẹ́. Màmá jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, ó sùn.

Nígbà tí ara Ìyá Kékeré ti balẹ̀ tán, mo fa àga sún mọ́ ọn. N ò fẹ́ bá a jà. Ó kàn ń yà mí lẹ́nu ni. Ó ní ìyáálé òun lọ ṣe àlùwàlá, òtútù ń mú òun, lòún bá ní kí òun sùn síbẹ̀ díẹ̀. Mo ní ìyẹn yé mi. Àmọ́ kí ló dé tó fi dáhùn nígbà tí mo pe Ìyá Gàníyù?

Ó kọ́kọ́ wo bẹ́ẹ̀dì kẹfà, bóyá ìyáálé rẹ̀ ti sùn lóòótọ́. Ó wá rọra sọ fún mi pé òun lòún bí Gàníyù. Ìyáálé kò rọ́mọ bí. Nígbà tí òun já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, ọkọ wọn ní kí òun gbé e fún ìyáálé kó máa tọ́ ọ, kí ilé lè tòrò. Láti ọjọ́ náà ni ìyáálé ti di Ìyá Gàníyù, tí òun sì di Ìyá Kékeré. Òun ò bí òmíràn mọ́. Gàníyù ti di géńdé báyìí, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, Ìyá Kékeré lòun náà ń pe ìyá tó bí i.

Ó ní kí n má ṣi òun gbọ́ o, ìyáálé òun kò ṣe òun níbi rí. "Àmọ́ ẹ dúró lórí mi, nọ́ọ̀sì, ẹ ní Ìyá Gàníyù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wá pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé kí n fi ẹnu ara mi sọ pé èmi kọ́ ni?"

Mo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ̀yin máa ní kó sọ ọ́?

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Tó bá détí ìyáálé, ó ní, á rò pé òun fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn.

Mátírọ́ọ̀nù fún mi ní kúẹ́rì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí ló dé tí n kò pe orúkọ tó wà lórí káàdì? Mo lè kọ ọ́ pé mo pe aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan sì dáhùn. Mo lè kọ ìdí tó fi dáhùn. Bóyá ìyẹn ìbá kó mi yọ. Mo jókòó ti bébà náà títí. Ohun tí mo kọ nígbẹ̀yìn ni pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi, n kò yẹ aláìsàn wò dáadáa kí n tó gún un. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà kò pé.

Wọ́n fi ìwé ìkìlọ̀ sínú fáìlì mi. Ta ló máa gba lẹ́tà Ìbàdàn yẹn lọ́wọ́ ẹni tí ìwé ìkìlọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ? Ọdún méjì ni mo tún lò ní Ṣakí kí wọ́n tó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọkọ mi. Ó bínú gan-an. Ó ní kí ni Ìyá Kékeré jẹ́ sí mi?

Ẹ̀bi ta ni? Tèmi ni, mo gbà. Àmọ́ ṣé tèmi nìkan ni? Àwọn tó fi obìnrin kan ti aláìsàn méjìdínlọ́gbọ̀n ńkọ́? Ọkọ tó ń wá bí ilé ṣe máa tòrò ńkọ́? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò yé mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, àwọn méjèèjì wá dágbére fún mi. Mo ní, "Ìyá Gàníyù, ẹ máa rọra lọ o." Ẹ mọ̀ pé "ẹ" yìí, àgbà kan ni, èèyàn méjì náà ni. Ìyáálé ló dáhùn, ó ṣàdúrà fún mi. Èkejì gbé ẹrù sórí. Ó wò mí kó tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju pé láti ọjọ́ náà, kí n tó gún ẹnikẹ́ni, mo máa ń ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, mo sì máa ń béèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn àgbà kan ní mo ya aláfojúdi. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kéékèèké tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti dáhùn orúkọ kan rí torí pé ó dùn létí yín? Ṣé iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn yín rí débi tẹ́ ẹ fi ṣi èèyàn mú fún èèyàn? Ẹ bá mi kọ tiyín sísàlẹ̀, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ìwé ìkìlọ̀ yẹn sọ pé ẹni tí kò yẹ ni mo gún lábẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ìyá Gàníyù ni mo pè, Ìyá Gàníyù náà ló sì dá mi lóhùn.