Èènì Kì í Ṣe Agbe

Kékeré ni mo wà tí màmá bàbá mi ti máa ń mú mi dání lọ sọ́jà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ojúlé tó kọjú sí tiwa, kì í gbẹ́yìn. Bí ìyá onígààrí bá ti wọn kóńgò tán, àwa ọmọdé la máa ń na igbá: "Ẹ fi èènì sí i o!" Ìyá á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi yìí gbójú jù mí lọ. Bí wọ́n bá bu kékeré fún un, á fẹsẹ̀ janlẹ̀, kò ní kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní agbe. Ọlọ́jà tí kò bá fúnni ní èènì gan-an ni wọ́n ń pè ní ahun.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Bronx ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí inú mi kò tíì rọ̀.

Ní sọ́mà, ìgbà ooru, tó kọjá, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan náà yìí mú àwa méjèèjì lọ sí ìlú àtijọ́ kan létí òkun Mẹditaréníà. Ìlú náà dára, mi ò ní purọ́. Ọ̀nà tóóró olókùúta ni gbogbo rẹ̀, àwo amọ̀ tí wọ́n ya ẹja sí lára wà lẹ́nu gbogbo ṣọ́ọ̀bù. A jẹ ẹja yíyan títí a fi ń lá ìka. Bàbá arúgbó kan ń ta èso ólífì, èyí tí a máa ń kà nínú Bíbélì. Ó wọ̀n ọ́n tán, ni mo bá na ọ̀rá mi padà sí i, mo rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó yé e kíá. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi bá já ọ̀rá gbà lọ́wọ́ mi.

"Auntie, please, stop begging! It's so embarrassing."

Ó da èènì bàbá padà, ó ń sọ fún un pé kó má bínú. Ojú bàbá yẹn rẹ̀wẹ̀sì.

Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Ìwọ, sọ fún un." Àwo ló ń wò. Àwo! Bí ẹni tí kò gbọ́ èènì rí láyé ẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti padà dé Highbridge, àdúgbò wa ní Bronx, ni ọ̀rẹ́ mi ti ń pè mí lórí fóònù. "Ṣé nítorí ólífì lásán? Ọmọ Amẹ́ríkà ni, kò mọ̀." Mo mọ̀ pé kò mọ̀. Ta ni ì bá kọ́ ọ?

Ayé ti yí padà, mo gbà. Ní ṣọ́ọ̀bù àwa Yorùbá níbí pàápàá, inú ọ̀rá tí wọ́n ti lẹ̀ pa ni gààrí wà, wọn kì í bu èènì sí i mọ́. Ìyẹn kò dùn mí. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bú mi lọ́jà, ọ̀rẹ́ mi yìí ló máa kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ní báyìí, ó ní òun ra àwo kan fún mi, kí n wá mú un. Mi ò fẹ́ àwo. Kó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, kó sọ fún un níṣojú mi pé òun náà gba èènì rí.