Òbùrẹ́wà Ìyá Àgbà Bunluea

Ní ìlú Lampang, bí ẹ bá dárúkọ Ìyá Àgbà Bunluea, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn, nítorí ọjọ́ tó fi odindi ìṣẹ́jú márùn-ún bú ọmọ-ọmọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.

Mot lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ní ọtísíìmù: kì í sábà sọ̀rọ̀, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Rampha ìyá rẹ̀ ń ya àwòrán àkùkọ sára abọ́ nílé iṣẹ́ alámọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọmọ ń wà. Tíṣà Wilai, tó ń ṣèwádìí bí ìfẹ́ àti ìbínú ṣe pọ̀ tó nínú ilé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ló wá bá wọn.

"Ìyá, ẹ sáà máa sọ̀rọ̀ nípa Mot. Mi ò ní dá sí i títí ìṣẹ́jú márùn-ún á fi pé."

"Mot kẹ̀? Hàà! Òbùrẹ́wà yìí! Ẹ wo imú bí ẹni tí ilẹ̀kùn gbá. Olóríkunkun! Ìrẹsì gbígbóná, ó lóun ò jẹ, àfi kó tutù. Ta ló máa fẹ́ irú èyí níyàwó? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbé e lónìí!"

"Àkókò ti tó, Ìyá."

"Ó tó báwo? Mi ò tíì dé orí etí rẹ̀!"

Ojú ti Rampha. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í yin ọmọ jòjòló, òbùrẹ́wà ni wọ́n máa ń pè é. Wọ́n ní ẹ̀mí àìrí tó bá gbọ́ pé ọmọ rẹwà á wá gbé e lọ. Bí ọmọ bá ti kúrò lọ́wọ́, wọ́n á ṣíwọ́. Mot ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ìyá Àgbà ò ṣíwọ́. Aládùúgbò kan ní, "Mot mà lẹ́wà o," ni Ìyá Àgbà bá fi ìgbálẹ̀ lé e dé títì. "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Padà wá wò ó dáadáa!" Nígbà tó dalẹ́, ó gbé ọbẹ̀ lọ fi bẹ̀ ẹ́.

Tíṣà padà wá lọ́sẹ̀ kejì. "Rampha, ó dùn mí o. Ìbínú inú ọ̀rọ̀ Ìyá ti pọ̀ jù. Ẹ bá Mot wá ibòmíràn."

Ibo ni Rampha yóò gbé e lọ? Ta ni Mot á gbà?

Kó tó la ẹnu, òjò dé, ó ń lu páànù gbàgàgbàgà. Mot sáré jáde látinú yàrá, ó di etí méjèèjì, ó kọjá lára ìyá rẹ̀, ó lọ fi iwájú orí ti ẹ̀yìn Ìyá Àgbà tó ń gún ata. Ìyá Àgbà dá odó dúró. Kò fọwọ́ kàn án, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Òbùrẹ́wà, o ti dé? Dúró síbẹ̀. Òjò ò lè rí ẹ."

Èémí ọmọ náà balẹ̀. Tíṣà wò wọ́n títí, ó wá tan ẹ̀rọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ọ̀rọ̀ etí yẹn." Lọ́tẹ̀ yìí, ìfẹ́ ló ka gbogbo èébú náà sí, Mot ò sì lọ ibì kankan.

Lọ́dún tó kọjá ni Ìyá Àgbà papòdà. Níbi òkú, àlejò ń yìn ín: èèyàn dáadáa ni, ó rẹwà nígbà èwe. Mot gba àárín wọn kọjá, ó fi iwájú orí ti àwòrán Ìyá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

"Òbùrẹ́wà," ló wí, ketekete.

Àwọn àlejò ń wo ara wọn lójú. Rampha nìkan ló bú sẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ gbọ́? Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."