Ta Ló Fi Ìwé Kúbúrátù Pamọ́?

Kúbúrátù Adélàjà kú ní Ejinrin lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Oògùn tí ì bá gbà á là wà lórí pẹpẹ ní yàrá rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí kò fọwọ́ kàn án mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olóríkunkun, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó bá oògùn náà jẹ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Apá ló kù, apá yẹn ló sì fi ń tukọ̀ láàárọ̀, tó fi ń gbé irin nírọ̀lẹ́. Ní Páralímpíìkì ọdún 2004, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ti irin tó wúwo ju ìlọ́po méjì ara rẹ̀ sókè, wọ́n sì fi fàdákà sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ní àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó lo oògùn tí òfin kọ̀.

Oògùn wo? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Òfin gba aláìsàn láyè, bí ilé ìwòsàn rẹ̀ bá ti kọ̀wé ṣáájú. Wọ́n kọ ọ́. Kúbúrátù fi lé àwọn aláṣẹ eré ìdárayá wa lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ìdíje.

Lọ́jọ́rú, Bàbá Ọláwuyì, tó kọ́ ọ ní irin gbígbé, lọ sí ọ́fíìsì wọn láti túfọ̀. Akọ̀wé fa fáìlì olóògbé yọ. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, kò kúrò ní Nàìjíríà rí. Ẹnìkan ti fi bírò pupa kọ sórí rẹ̀ pé: "Orúkọ kò bá ti ìwé ìrìnnà mu." Nọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú ló kọ orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe aláìsàn rẹ̀: Ìyá Mujeeb.

"Kí ni wọ́n ń pe ìyá tìrẹ ládùúgbò?" Bàbá bi akọ̀wé.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyá Lateefah ni."

"Ẹni tó kọ eléyìí ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé e ga, sà."

Wọ́n ti gbé e ga! Ẹni tí ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ta ni Ìyá Mujeeb, wúwo jù fún. Òun náà ló sọ fún àwọn oníròyìn pé, "A kìlọ̀ fún un, kò gbọ́." Mo kà á, mo sì kọ ọ́ lójú ewé ìwé ìròyìn yìí pé èéfín kì í ṣàdédé rú. Èmi náà kò béèrè.

"Ìyá Mujeeb, ẹ bù díẹ̀ fún wa nínú oògùn yẹn, ká fi wọ́ ọkọ̀ wa gòkè!" báyìí làwọn apẹja ṣe máa ń dá a lápàárá nígbà ayé rẹ̀.

"Ẹnu yín ni kí n kọ́kọ́ gbé," á dá wọn lóhùn, "òun ló wúwo jù."

Wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nílé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mi ò ní gbé e mì mọ́, àfi bí wọ́n bá sọ pé mi ò kì í ṣe olè." Mujeeb kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó fi ọdún mẹ́ta dúró de gbólóhùn kan.

Lánàá, lẹ́tà ìbánikẹ́dùn dé láti ọ́fíìsì náà: "Akọni ọmọ wa." Orúkọ rẹ̀ pé pérépéré níbẹ̀. Ṣé ikú ló kọ́ wọn mọ̀ ọ́n kọ?

A fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹni tó di bírò pupa mú ní gbangba. A fẹ́ kí ìwé ilé ìwòsàn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gba fàdákà lọ́wọ́ rẹ̀. Ejinrin yóò péjọ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kí ọ̀gá tí wọ́n gbé ga náà wá, kí ó dúró níwájú Mujeeb àti àwọn apẹja, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun ló purọ́.