Gìrìgìrì Ẹsẹ̀ Lábísí

Etí Abọ́dúnrìn ti di láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má tíì káàánú rẹ̀. Ní ìlú Eggua lẹ́bàá bodè, ẹni tó bá fẹ́ pè é á kàn fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkùnrin náà á sì yíjú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ràn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í wọ bàtà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, ẹsẹ̀ lásán ló fi jó, àwọn àna sì fajú ro títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lábísí ìyàwó rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àfìgbà tí ọkọ rẹ̀ gbé ahun kan bọ̀ láti oko. Ahun kò ní etí téèyàn lè fà, síbẹ̀ kí Lábísí tó dé ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fa orí wọnú ìkarahun. Ilẹ̀ ló ń ta á lólobó. Lábísí rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ ìyá ọkọ òun rèé. Bí ahun ṣe di ará ilé nìyẹn.

Ọkọ̀ nìkan ni Abọ́dúnrìn ń bẹ̀rù. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, kì í wẹ̀yìn. Inú igbó ló máa yà sí títí ọkọ̀ á fi kọjá. Ohun tó kó o yọ fún ogójì ọdún nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba ti bodè lọ́dún 2019, wọ́n kó àwọn sójà wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tọkọtaya náà ń ti oko bọ̀. Abọ́dúnrìn ti lọ jìnnà níwájú, ó ru àpò ẹ̀gẹ́ tí àlejò lè pè ní ìrẹsì Kùtọnù. Ọkọ̀ sójà kọjá lára Lábísí. Wọ́n kígbe lédè òyìnbó pé kí ọkùnrin yẹn dúró. Ilẹ̀ gbọ̀n. Abọ́dúnrìn yà sínú igbó bó ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n rò pé ó ń sá lọ.

Lábísí fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó tún jan án, ó fò sókè, ó fi gbogbo ara sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹsẹ̀ obìnrin kan níwájú ẹ́ńjìnnì yẹn?

“Ẹ gbà mí o! Adití ni! Ẹ má yìnbọn!”

Wọ́n ti yìn ín.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lórúnkún, wọ́n sì fi báńdéèjì wé tòsì títí dé ọmọ ìka. Wọ́n gbé e wálé, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sógiri. Lábísí gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, àánú ọkọ rẹ̀ ń fà á lọ́kàn ya. Kó tó rántí, ó ti fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Abọ́dúnrìn kò yíjú. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ahun fa orí wọlé.