Ọjọ́ Tí Ẹ-dúró-ná Fẹ̀yìntì

Ẹ-dúró-ná ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́. Òkè ilé gogoro pápákọ̀ òfurufú ló ń jókòó sí, tó ń bá àwọn awakọ̀ bàálù sọ̀rọ̀ lórí rédíò: ìwọ balẹ̀, ìwọ gbéra, ìwọ dúró ná. “Dúró ná” ló mọ̀ ọ́n sọ jù, torí ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Àga mẹ́fà ló wà lókè yẹn. Nígbà tó fẹ́ mi, èèyàn mẹ́fà ló ń jókòó sí wọn. Àwọn kan fẹ̀yìntì, àwọn kan ríṣẹ́ tó sàn jù, wọn ò sì gba ẹnì kankan rọ́pò wọn. Tìmùtìmù tuntun ni wọ́n ń rà sí àwọn àga.

Èmi náà jẹ “dúró ná” yó. Ká jọ jẹun alẹ́, dúró ná. Ká lọ wo ọmọ-ọmọ wa, dúró ná. Ó wá ṣèlérí pé tóun bá ti fẹ̀yìntì, àwa méjèèjì la ó máa jọ jẹun lálaalẹ́ títí eyín ó fi tán lẹ́nu wa. Mo gbà á gbọ́. Mo ra tábìlì kékeré kan tó gba àwo méjì péré, kí àlejò kankan má baà bá wa dá sí i.

Ọjọ́ pé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí lábẹ́ òfin. Obìnrin kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wà nílé. Kò sẹ́ni tó dààmú, torí ọ̀gá àgbà ń bọ̀ nínú bàálù aago méjì láti wá kí ọkọ mi kú iṣẹ́, ó sì ń mú ọkùnrin tí yóò gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀. A ti gbé kéèkì kalẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀.

Bàálù ọ̀gá ò tètè gbéra. Níbi tó ti ń bọ̀, èèyàn kan ṣoṣo ló wà lórí àga tiwọn náà, ó sì ní kí wọ́n dúró ná. Mo rẹ́rìn-ín títí. Aago mẹ́rin lù, akọ̀wé pápákọ̀ náà gba kọ́kọ́rọ́ ilé gogoro lọ́wọ́ ọkọ mi, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. A ò tíì gé kéèkì tán tí rédíò kékeré tó wà níbàdí akọ̀wé fi dún. Awakọ̀ bàálù ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, a ti dé o. Epo tó kù ò lè gbé wa padà. Ta ló wà lókè?”

Kò sẹ́ni tó wà lókè. Ẹni tó yẹ kó wà lókè ṣì wà lókè jùyẹn lọ.

Ọkọ mi dìde. Akọ̀wé dí ọ̀nà mọ́ ọn. “Ẹ ti fẹ̀yìntì, sà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rédíò mọ́, àfi tí ọ̀gá bá fi kún àsìkò yín.”

“Ọ̀gá ló wà nínú bàálù yẹn!”

“Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n nígbà náà.”

Wọ́n bi ọ̀gá lórí rédíò. Ọ̀gá fún un ní ìdajì wákàtí. Akọ̀wé mirí: òfin ò mọ ìdajì wákàtí, ọdún kan ni àfikún tó kéré jù.

“Ẹ fún un ní méjì!” ni ọ̀gá pariwo látojú ọ̀run.

Ọkọ mi wò mí. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn kan wà nínú bàálù yẹn, ọmọ àwọn kan sì wà níbẹ̀. Bá a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn.

“Kí lò ń wò?” ni mo wí. “Lọ mú wọn balẹ̀!”

Ó mú wọn balẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Ọ̀gá jẹ kéèkì. Ó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére tó ti kọ wá láti ilé láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àwa náà sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkùnrin tuntun náà pé níwọ̀n ìgbà tí àga ti rí ẹni jókòó sí i, ibòmíràn ń fẹ́ ẹ jù. Kó bá bàálù náà padà.

Wọ́n rọ epo. Mo dúró sísàlẹ̀, mo ń wo fèrèsé ilé gogoro, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, ìwọ ọkùnrin yìí, lónìí nìkan, nítorí tèmi, ní kí wọ́n dúró ná.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sì sí bàálù mìíràn nítòsí. Bàálù kan ṣoṣo tó gbéra lásìkò lọ́jọ́ náà nìyẹn.